Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ta Ló Ni Títì, Ṣé Ọkọ̀ Ni Àbí Ẹlẹ́sẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mínà àti gbogbo Òkè Ọya. Nígbà tá a ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa nípa ojú títì àdúgbò yín, mo rò pé lẹ́tà mẹ́rin márùn-ún ló máa wọlé, àṣé ọ̀rọ̀ ti kún inú yín! Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo mú díẹ̀, àkọ́kọ́ ló sì máa gba àyè jù torí òun ló dùn mí jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kúbwà ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní òdìkejì títì márosẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà o, àmọ́ ó jìnnà sí wa, tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ̀rù ń bà mí láti gùn ún. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ náà ti ń bá mi sáré kọjá. Kí ló dé tí ìjọba ò lè kun síbírà fún wa kí wọ́n sì gbé iná tíráfíìkì síbẹ̀? (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Kúbwà)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ yẹn sáré kọjá mọ́. Mi ò bú yín o. Èmi náà ti ṣe é rí, ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Àbújá, bàtà lọ́wọ́, báàgì léjìká, mo ti gbẹ́sẹ̀ kan sójú títì kí Malam kan tó ń ta ìrèké tó fà mí láṣọ padà, ó ní "Kai, ba ka da hankali ne?", pé ṣé orí mi ò pé ni. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, tírélà kan ti fẹ́ atẹ́gùn sí wa lójú. Mi ò tiẹ̀ rí i nígbà tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báyìí. Òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè kó sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí títì márosẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sáré báyẹn, bíi mítà 28 ló ń jẹ ní sẹ́kọ́ǹdù kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ èèyàn tí kò sáré, mítà kan àti díẹ̀ ni. Ọ̀nà mẹ́ta tí ọkọ̀ ń tò sí ní ẹ̀gbẹ́ kan, á tó mítà 11, ẹ ó lò tó sẹ́kọ́ǹdù mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ tó dé àárín. Sẹ́kọ́ǹdù mẹ́sàn-án yẹn, ọkọ̀ ti rin 250 mítà. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó ṣì wà níbi tó jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù méjì àti ààbọ̀, tẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ ní "ó ṣì ń bọ̀ lọ́hùn-ún", òun gan-an ló máa bá yín lójú títì. Ojú àgbà ò lè wọn ìyẹn dáadáa, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ, tí kò tíì mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń yára tàbí ó ń rọra bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè dédé kun síbírà síbẹ̀. Ọ̀dà funfun lásán ni síbírà, kò ní ọwọ́ tó máa fi dá ọkọ̀ dúró, dírẹ́bà ló ń dúró, dírẹ́bà tó ń sá 100 kò sì lè dúró kódà kó fẹ́ dúró. Ẹlẹ́sẹ̀ á rí ọ̀dà, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti wá gbé e.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ títì dáadáa, eré ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ pé tí eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu pé èèyàn á kú nínú ìjàǹbá á fi bí ìdá mẹ́rin lé. Ẹ ò rí i bí ó ṣe rí, ẹ fi ṣíbí kan kún un, ó gba ṣíbí mẹ́rin lọ́wọ́ yín. Ní 1997, ilé aṣòfin Sweden fọwọ́ sí ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Vision Zero, wọ́n ní kò sí iye òkú tó bójú mu lójú títì, àti pé ọmọ ènìyàn á máa ṣe àṣìṣe, ẹni tó ya títì ni kó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó yà á, kí àṣìṣe kékeré má di òkú. New York gba ìlànà yìí ní 2014, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ eré inú ìlú di máìlì 25 ní wákàtí kan, bíi kìlómítà 40, àfi níbi tí wọ́n bá gbé pátákó mìíràn sí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, 50 ni òfin fi sí àárín ìlú fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ lọ dúró ní Ahmadu Bello Way ní agogo mẹ́wàá alẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ẹni tó ń sá 50.

Lẹ́yìn eré, wọ́n á dín ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà kọjá kù. Wọ́n á ṣe erékùṣù kékeré sáàárín kéèyàn lè kọjá apá kan, kó sinmi, kó tún kọjá ìkejì, wọ́n á fa igun ojú pópó jáde kí ọkọ̀ tó fẹ́ yà má lè sáré yà. Wọ́n tún máa ń ṣètò iná tíráfíìkì kó fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè sẹ́kọ́ǹdù díẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí dírẹ́bà tó ń yà ti rí i láàárín títì. Ìyẹn ò gba owó afárá rárá.

Tó bá wá jẹ́ ti afárá, èrò tèmi rèé: lórí márosẹ̀, ó pọn dandan. Nínú ìlú tí eré ò yẹ kó ju 50 lọ, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹlẹ́sẹ̀, torí ẹni tó ní ọkọ̀ ń lọ gbọọrọ, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ni wọ́n ní kó gun òkè. Àmọ́ ti Kúbwà yẹn, afárá la fẹ́, kó wà níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbà tẹ́lẹ̀, kó ní iná, kí ọ̀nà ẹ̀ lọ tẹ́ẹ́rẹ́ wálẹ̀ fún aláìsàn àti ẹni tó ru ẹrù, kí wọ́n sì ṣe irin sáàárín títì kí ẹnikẹ́ni má lè gba ibẹ̀.

Kí ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ kó ara yín jọ, ìyá márùn-ún ti tó. Fún ọjọ́ mẹ́ta, láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ka iye èèyàn tó sáré kọjá níbẹ̀, ẹ kọ ti ọmọ iléèwé sọ́tọ̀, ẹ kà á bí ẹni ka owó èsúsú. Ẹ ya fọ́tò. Àwọn ẹnjiníà títì, iye yẹn ni wọ́n ń fẹ́ rí, igbe wa ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí FCDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ ìlú Àbújá, àwọn ló ni títì yẹn, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí FCT Transportation Secretariat, ẹ̀ka tó ń rí sí ìrìnnà níbẹ̀. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ rọra máa rìn dé afárá, kẹ́ ẹ máa dúró de ara yín ní ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ lè jọ gùn ún.

ÌBÉÈRÈ: Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Lúgbẹ dáwó jọ, a ra síméǹtì, a fi ṣe bọ́ǹpù mẹ́ta síwájú iléèwé torí àwọn ọlọ́kọ̀ ń sá eré àsápajúdé. Ọ̀gá kan wá ní a ti ba abẹ́ ọkọ̀ òun jẹ́, òun máa fọlọ́pàá kó wa. Ṣé a ṣẹ̀ ni? (Àwọn ọ̀dọ́, Lúgbẹ)

ÌDÁHÙN: Ọkàn yín dára, bọ́ǹpù yín ni mi ò mọ̀. Mo ti rí irú ẹ̀ káàkiri, ó ga ṣonṣo bí òkìtì ọ̀gán, kò ní ọ̀dà, kò ní pátákó, alẹ́ ni ọlọ́kadà máa ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nígbà tó bá ti ṣubú tán. Bọ́ǹpù gidi ga tó sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 10, ó sì gùn tó mítà 3.7, ó rọra yọ bí ẹ̀yìn ahun, kí ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí ẹni tó ń sáré fojú rí nǹkan. Ẹ kun ún ní funfun, ẹ má sì fi dí gọ́tà o, torí tí òjò oṣù kẹjọ bá dé, ẹ̀yin náà lẹ máa wa omi kúrò ní pálọ̀.

Dar es Salaam ní Tanzania ti ṣe irú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí. Wọ́n wá àwọn iléèwé tí ewu wọn pọ̀ jù, wọ́n fi bọ́ǹpù, síbírà, pátákó àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí i, wọ́n mú eré ọkọ̀ wá sí 30 níbẹ̀, iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn àgbáyé ní 2019. Nǹkan olówó pọ́ọ́kú ni gbogbo ẹ̀.

Ní ti òfin, títì kì í ṣe tiyín, ó yẹ kẹ́ ẹ ti gbàṣẹ. Àmọ́ òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ìsọ̀rí kẹrin ẹ̀yìn ẹ̀ (Fourth Schedule), sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni títì àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, ọgbà àti gbangba. AMAC, ìjọba ìbílẹ̀ Àbújá, ni tiyín ní Lúgbẹ. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n wá wo bọ́ǹpù yẹn kí wọ́n tún un ṣe. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba wà níbẹ̀, ọjọ́ méje ló fún wọn láti dáhùn, ẹ fi béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títì àdúgbò yín lọ́dún yìí. Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó wá bá yín fọwọ́ sí lẹ́tà náà.

ÌBÉÈRÈ: Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Wúsè. Àwọn táàsìkì fọ́ọ̀sì ti kó abọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ìlú ẹ̀dá ni Àbújá àbí ìlú mọ́tò? (Ìyá Àlà, Wúsè)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀bi pín sí méjì. Tẹ́ ẹ bá gbé tábìlì àti bẹ́ǹṣì sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kí ẹni tó ń rìn gbà? Ojú títì ni, níbi tí táàsì ti ń yà bìrí. Ẹ fi mítà méjì sílẹ̀ fún un. Àmọ́ mi ò fara mọ́ kíkó abọ́, torí títì tí kò sí ẹni tó ń ta nǹkan, tó bá di alẹ́, olè ló ń jogún ẹ̀. Ojú yín tó wà níbẹ̀ ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 2009, ẹ̀ka tó ń rí sí ìrìnnà ní New York, Janette Sadik-Khan ni ọ̀gá wọn nígbà yẹn, dí apá kan Broadway ní Times Square mọ́ ọkọ̀. Wọn ò kọ́kọ́ da kọnkéré. Wọ́n gbé dírọ́ọ̀mù síbẹ̀, wọ́n kó àga pọ́ọ́kú tí wọ́n máa ń tẹ́ létí òkun síbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ làwọn èèyàn ti jókòó. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó dára, wọ́n wá sọ ọ́ di títí láé. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí tiwa kọ́: ẹ fi ọ̀dà kan fàlà fún oníoúnjẹ, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àti ibi ìdalẹ̀nù, ẹ wò ó fún oṣù mẹ́ta. Àyè ò wọ́n wa ní Àbújá jàre. Ọbabìnrin Elizabeth wá ṣí Millennium Park ní 2003, ọgbà tó rẹwà ni, àmọ́ Maitama ló wà, ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè máà dé ibẹ̀ lọ́dún. Abẹ́ máńgòrò tó wà nítòsí jọ́ńṣọ̀n ni ọgbà tiwa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń lé wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀rọ̀ "one chance"? Ẹ̀rù ọkọ̀ alẹ́ ń bà mí. (Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, Nyanya)

ÌDÁHÙN: Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò lókùnkùn ni ọjà àwọn olè "one chance" yẹn, tí wọ́n ń díbọ́n bí ọlọ́kọ̀ èrò. Wọ́n ṣí gáréèjì ńlá ti Kugbo àti Mabushi ní 2025, kí èèyàn lè wọ ọkọ̀ níbi tí iná wà, tí wọ́n ti mọ ọkọ̀ tó ń jáde. Kugbo ò jìnnà sí yín, ẹ lò ó, kódà kó jẹ́ pé ẹ máa tò díẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé kẹ́ ẹ tó jókòó. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀. (Ẹ jẹ́ n fi yangàn díẹ̀: ní Ọ̀yọ́ ni irú ẹ̀ṣọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba Ọ̀yọ́ ló dá a sílẹ̀ ní 1977, Wole Soyinka ló sì wà nídìí ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ò dá tiwọn sílẹ̀ àfi ní 1988.)

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìdù pé ṣé reluwé inú ìlú Àbújá máa pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí: wọ́n ṣí i ní oṣù keje 2018, ó dúró ní 2020, wọ́n tún ṣí i ní 29 oṣù karùn-ún 2024. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí èèyàn ṣe máa rìn láti ilé dé stéṣọ̀n nínú oòrùn láìsí ìbòòrùn, láìsí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi ka ìṣẹ́jú tó ń gbà yín láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tẹ́ ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.