Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun: ṣé mo ṣì lè wa bàálù akérò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọdún 20 ni mo fi wa hẹlikọ́pítà fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Oṣù tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdún 43 sì ni mí. Mo ní nǹkan bíi 2,000 wákàtí lófurufú. Ó wù mí kí n máa wa bàálù akérò, àmọ́ àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ sinmi fún ọdún méjì ná. Ṣé kò tíì pẹ́ jù? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Kò tíì pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sinmi ọdún méjì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kò lè wa bàálù fún iléeṣẹ́ akérò mọ́. Ọdún 22 ló kù fún yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́ ló sì máa pinnu ìlú tí ẹ ó ti máa gbéra, irú bàálù tí ẹ ó máa wà, ọjọ́ ìsinmi yín, àti ìgbà tí ẹ ó di captain. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú yín wọlé ni yóò máa mú ṣáájú yín títí lọ. Ipò tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun kò ní í yí ìyẹn padà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ẹ̀kọ́ kankan, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Dókítà tí FAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, fọwọ́ sí ni mò ń sọ. Ìwé ẹ̀rí ìlera tí ẹ nílò ni wọ́n ń pè ní First-Class Medical. Ẹni tó ti lé ní 40, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń tún un gbà, wọ́n á sì máa yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò lọ́dọọdún.

Ibí yìí ló ń ká mi lára jù. Bí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, bá ń san owó àìlera fún yín, bóyá nítorí etí tó ń hó, oorun tí mímí ń dá dúró nínú rẹ̀, tàbí ohun tí ojú yín rí lójú ogun, ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù FAA tí ẹ ó kọ fún ìwé ẹ̀rí ìlera yìí, tó béèrè nípa owó náà gan-an. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Ní 2023, ó lé ní 4,000 awakọ̀ tí FAA ń tún ìwé wọn yẹ̀ wò nítorí pé ohun tí wọ́n sọ fún VA kò bá ohun tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù mu. Ọ̀pọ̀ nínú àìsàn wọ̀nyẹn kò sì ní kí èèyàn má fò, bó bá ti gba ìtọ́jú tí ìwé rẹ̀ sì pé. Ẹ lọ gba ìmọ̀ràn dókítà náà lásán ná, kí àyẹ̀wò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí pé ẹ ń fa fọ́ọ̀mù yín padà.

Ní ti wákàtí, òfin béèrè 1,500, tàbí 750 fún awakọ̀ ológun tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí igbákejì captain. 2,000 yín ti kọjá méjèèjì. Ohun tó kù ni pé 250 wákàtí gbọ́dọ̀ jẹ́ inú bàálù, kí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà, kí 50 sì jẹ́ inú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Láìsí ìyẹn, hẹlikọ́pítà nìkan kò lè gbé yín débẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kan ti bá awakọ̀ hẹlikọ́pítà san nínú owó wákàtí inú bàálù yìí rí, ẹ béèrè dáadáa. Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ATP-CTP, 30 wákàtí ní kíláàsì àti 10 nínú simulator, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù lórí ilẹ̀. Ẹ má sáré fi owó ara yín san án, nítorí iléeṣẹ́ tó bá gbà yín sábà máa ń san án.

Èmi náà ti inú hẹlikọ́pítà wá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú bàálù, ọwọ́ òsì mi ṣáà ń wá ohun tí yóò fà sókè, bẹ́ẹ̀ títì síwájú ni wọ́n ń ti agbára ẹ́ńjìnnì bàálù. Tí ilẹ̀ bá sún mọ́, ara mi á fẹ́ dín eré kù kí n lè dúró lójú kan, ohun tí bàálù kò lè ṣe láéláé. Olùkọ́ mi, tó kéré sí mi ní ọdún 15, fọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa sáré." Irú wọn ni yóò máa kọ́ yín, irú wọn náà ni yóò sì jẹ́ captain yín. Ẹ fetí sí wọn tọkàntọkàn.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ gbogbo wákàtí tí ẹ fò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun. Ẹ ya èyí tí ẹ ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ sọ́tọ̀, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.