Ṣé àyẹ̀wò jíìnì lè tètè sọ ohun tó ń ṣe ọmọ ìkókó tí àìsàn dá gúnlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà lára ọmọ náà, wọ́n á sì gba ti bàbá àti ìyá rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ á ka DNA rẹ̀, ìyẹn ìlànà àbímọ́ni tí ara ń tẹ̀ lé, tí jíìnì wà nínú rẹ̀, tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, kọ̀ǹpútà á wá wá ibi tó ti yí padà. Ẹ má fojú kéré ẹ̀jẹ̀ òbí o: bí ìyípadà kan bá wà lára ọmọ, tí kò sí lára àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni ojú dókítà máa kọ́kọ́ lọ.

Ní 2021, àwọn dókítà ní San Diego, Amẹ́ríkà, ròyìn ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 kan tó ń sunkún láìgbìpẹ̀, tí gìrì sì ń gbé. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan rí. Láàárín wákàtí 13 àti ààbọ̀, èsì dé: ìyípadà nínú jíìnì rẹ̀ ni kò jẹ́ kí fítámì thiamine ráyè wọ ọpọlọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n fún un ní thiamine àti biotin, tí òun náà jẹ́ fítámì, kò sì pẹ́ tí gìrì náà fi dáwọ́ dúró. Fítámì lásán ni!

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń rí ìdáhùn fún. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ò sọ pé àìsàn náà kì í ṣe ti jíìnì. Ẹ ní kí wọ́n tún èsì náà yẹ̀ wò tó bá yá.