Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Dandan Ni Kí Ìdílé Mi Tẹ́ Pẹpẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ́kísódù 20 ní erùpẹ̀ ni kí wọ́n fi mọ pẹpẹ, orí 27 ní igi àti idẹ ni. Diutarónómì 12 ní ibì kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti máa rúbọ, Èlíjà sì rú tirẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì. Wòlíì kan ní nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò fẹnu kò ni ìdílé kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹpẹ sínú àgbàlá tirẹ̀, kó lè wó pẹpẹ ibi tí àwọn baba wa tẹ́. Ó ní kí n wá òkúta méjìlá, àgbò funfun kan àti owó iṣẹ́. Ṣé kí n yá owó náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ má yá kọ́bọ̀. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, láti Ìkọ̀lé, láti Ọ̀mùò, láti Adó níbí, ìyẹn ni mo fi ń dáhùn ní gbangba.

Àwọn ẹsẹ tí ẹ kà kò takora, àkókò wọn ló yàtọ̀. Ẹ́kísódù 20 sọ pé kí wọ́n lo erùpẹ̀, tàbí òkúta tí irin kò kàn, kó má sì ní àtẹ̀gùn, kí ìhòòhò ẹni tó ń gùn ún má baà hàn. Orí 27 ń sọ ti àgọ́ àjọ nìkan: pákó tí wọ́n fi idẹ bò, ìgbọ̀nwọ́ 5 ní gígùn àti ní ìbú, 3 ní gíga, inú rẹ̀ ṣófo, ó sì ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé e rìn. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé erùpẹ̀ ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n bá pàgọ́ sí. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n Bíbélì kò sọ ọ́, n kò ní fi búra. Ti Diutarónómì, ẹsẹ 10 ti ní ó di ìgbà tí wọ́n bá sọdá Jọ́dánì tí wọ́n sì ní ìsinmi. Èlíjà ńkọ́? Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 18:30: pẹpẹ Olúwa tí wọ́n ti wó ló tún ṣe. Òkúta méjìlá rẹ̀ sì dúró fún ẹ̀yà méjìlá ọmọ Jékọ́bù. Ẹ̀yà mélòó ló wà ní àgbàlá yín?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pẹpẹ ibi tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba àwọn ìyá wa yìí. Onídàájọ́ 6 ni wọ́n máa ń sá lọ, ìtàn Gídíónì. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Pẹpẹ Báálì tó wó, ti bàbá rẹ̀ ni, ó wà lójúde ní Òfírà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀. Ó mú ọkùnrin mẹ́wàá nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ó lọ lóru nítorí ó ń bẹ̀rù ará ilé bàbá rẹ̀. Akọ màlúù ọlọ́dún méje tó fi rúbọ, nínú agbo bàbá rẹ̀ ló ti wá. Igi ìdáná rẹ̀, igi òrìṣà Áṣérà tó gé lulẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn ará ìlú fẹ́ pa á, bàbá rẹ̀ ní bí Báálì bá jẹ́ ọlọ́run, kó gbèjà ara rẹ̀. Ta ló gba owó iṣẹ́ níbẹ̀? Pẹpẹ tí wòlíì yín ń sọ, ta ló ti fojú rí i rí?

Wọn kì í sì í ka ìtàn náà dé orí 8. Gídíónì yìí kan náà gba wúrà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó fi ṣe éfódì, irú ẹ̀wù tí àlùfáà máa ń wọ̀, ó gbé e kalẹ̀ ní Òfírà. Ẹsẹ 27 ní ó di ìdẹkùn fún òun àti ilé rẹ̀. Ọlọ́run kò rán an ní iṣẹ́ yẹn.

Ábúráhámù náà, Olúwa ló kọ́kọ́ fara hàn án ní Ṣékémù kó tó tẹ́ pẹpẹ. Nínú òfin Mósè pàápàá, tálákà tó ṣẹ̀ tí kò lágbára àgùntàn lè mú ẹyẹlé méjì wá, bí kò bá sì rí ìyẹn, ìyẹ̀fun díẹ̀ (Léfítíkù 5). Kò sẹ́ni tó ní kó lọ jẹ gbèsè. Láti ọdún 70 tí àwọn ará Róòmù ti wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù fúnra wọn kò rú ẹbọ ẹran níbẹ̀ mọ́. Fún àwa Kristẹni, Hébérù 10 ti ní ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti ewúrẹ́ kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jésù sì fi ara rẹ̀ rúbọ.

N kò mọ wòlíì náà, ẹnu yín nìkan ni mo ti gbọ́, n kò pè é ní olè. Ẹ fi ìdáhùn yìí han àlùfáà ìjọ yín, torí ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àìsàn ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ti ra àgbò náà, ẹ tà á, kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ tọ́jú ilé. Bó bá sì fi ikú halẹ̀ mọ́ yín pé ẹ ti ṣèlérí, ẹ pe àwọn àgbà ẹbí jọ, kẹ́ ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.