Àgbà tó ṣubú, kí ló ń wò lẹ́yìn?

Ìbéèrè: Ará Yàgbà ní Kogí ni mí. Ẹ̀gbọ́n wa kan du ipò nínú ìdìbò, ó sì fìdí rẹmi. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wò ó títí, ó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Gbogbo ilé dákẹ́. Ṣé pé kí ẹ̀gbọ́n wa máa ro àròkàn ni, àbí àwa tá a wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí? Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé àti Sunday nìkan ló máa ń ráyè wálé. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ọjọ́ méjì yẹn kí: ẹni tó borí ni, àbí àwọn ènìyàn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó kéré jù nínú òwe náà, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. "A" tó wà nínú "a wo ẹ̀yìn" kì í ṣe "àwa". "A" tó ń sọ ìṣe ènìyàn ni, irú èyí tá a máa ń lò bá a bá ní, "Bí ilẹ̀ bá mọ́, a gba oko rẹ̀ lọ." Ohun tí ẹni náà máa ń ṣe là ń sọ, olùwà rẹ̀ kàn fara sin ni. Ọmọdé ni olùwà nínú apá kìíní, àgbà sì ni nínú apá kejì. Nítorí náà bàbá yín kò bá ẹ̀yin ará ilé wí, kò sì ní kẹ́ ẹ wá ẹni tó ti ẹ̀gbọ́n yín ṣubú. Ẹni tó ṣubú fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ wíwò já lé léjìká.

Ọmọdé tó fẹsẹ̀ kọ, tó dojú délẹ̀, iwájú ló máa kọ́kọ́ gbójú sókè sí: ṣé ìyá mi rí mi? Ta ló ń bọ̀ wá gbé mi? Ẹ ti rí i rí pé bí kò bá rí ẹnikẹ́ni, ó lè dìde kó gbọn eruku nù láìsunkún rárá. Àgbà ò retí pé ẹnì kan á wá gbé òun. Ọ̀nà tó ti gbà kọjá ló máa yíjú sí, bóyá gbòǹgbò ló gbé e, bóyá òkúta ni, bóyá okùn bàtà òun fúnra rẹ̀ ló já. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n, torí ọ̀nà yẹn náà ló máa gbà padà.

Ibi tí òwe náà ti jinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ẹ̀yìn". Àwọn tó kàwé nínú wa ti mú un lọ́kàn pé iwájú ni ọjọ́ ọ̀la, ẹ̀yìn ni àná, wọ́n wá ń rò pé òwe yìí ń ní kí àgbà máa gbé nínú àná. Èdè wa ò pín in bẹ́ẹ̀. Bá a bá ní "lẹ́yìn ìdìbò", ìgbà tí ń bọ̀ là ń sọ. "Ẹ̀yìn ọ̀la" ò tíì dé. Ẹni tó ṣàdúrà pé "kí ẹ̀yìn wa ó dára" ò tọrọ kí àná dára, bí òun ṣe máa parí ló ń tọrọ. Ẹ̀yìn tún ni àwọn tó ń tọ̀ ọ́: àwọn tó wà lẹ́yìn olùdíje, tí wọ́n lẹ pósítà, tí wọ́n gba òòrùn níbùdó ìdìbò. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí àgbà wo ẹ̀yìn, ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pa pọ̀: ohun tó gbé e ṣubú, àwọn ènìyàn tó bá a ṣubú, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa yọrí sí. Ní ti ìdìbò, ìkejì ni mo kà sí pàtàkì jù. Olùdíje lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ Monday, àmọ́ abúlé ni àwọn tó tẹ̀ lé e yóò wà, níbi tí aládùúgbò tó dìbò fún ẹnìkejì ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan wà nípa ẹni tó lẹ́nu láti pa òwe yìí. Ọ̀rọ̀ "ṣubú" wà nínú rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín kọ́ la fi ń sọ ọ́. Àgbà ilé ẹni, tàbí ọ̀rẹ́ tó dàgbà ju ẹni lọ, ló ni ín. Bí ọmọdé bá máa sọ ọ́, ó ní láti ní "tótó, ó ṣe bí òwe o" kí wọ́n tó dá a lóhùn pé "wàá pa òmíràn". Ẹni tó borí ò gbọdọ̀ dá an láṣà rárá, torí lẹ́nu tirẹ̀ èébú ni. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde. Ó dára kí oúnjẹ ti wọ ikùn ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún, kó sì ti sùn.

Ní ti gbígbà fún ẹni tó borí, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. "Gba kámú" ni ti ẹni tí kò rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Ó dákẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ ò tíì dákẹ́. "Gbà fún un" ni ti ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, létí ẹni tó borí, pé ìwọ ni wọ́n yàn. Ìkejì yìí ló ń mú kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbé igi sílẹ̀. "Fìdí rẹmi" náà ò burú tó bí wọ́n ṣe ń pè é: ìdí ló bọ́ sómi, aṣọ tó rẹ sì máa ń gbẹ.

Kó tó gbà, kó kà á ná. Ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, fọ́ọ̀mù EC8A ni wọ́n ń kọ èsì sí, aṣojú ẹgbẹ́ sì yẹ kó gba ẹ̀dà kan. Ìwé EC60E ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibùdó kí gbogbo ayé lè rí i. EC8B ni ti wọ́ọ̀dù, EC8C ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Kí ó kó àwọn EC8A rẹ̀ jọ, kí ó rò ó pọ̀, kí ó fi wé ohun tí wọ́n kéde. Bí ó bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá dọ́gba, tó sì dá a lójú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, òfin fún un ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìkéde láti gbé ẹjọ́ lọ sí tíríbúnà, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò. Tíríbúnà ní ọjọ́ 180 láti dá a, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì ní ọjọ́ 60. Lílọ sí kóòtù kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń ba ènìyàn jẹ́ ni kí ó kí ẹnìkejì kú oríire lọ́jọ́ Monday, kó pè é lẹ́jọ́ ní Friday. Ẹnu rẹ̀ ti di méjì nìyẹn.

Bí ìṣirò bá ti yanjú, kò yẹ kí ó pẹ́. Ní Èkìtì tó bá wa pààlà, wọ́n dìbò gómìnà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014. Kayode Fayemi, gómìnà ìgbà náà, ní ìbò 120,433, Ayodele Fayose ní 203,090, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló sì bọ́ mọ́ Fayemi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló gbà fún un. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ó tún du ipò yẹn, ó sì wọlé. Goodluck Jonathan, ààrẹ ìgbà náà, ò tilẹ̀ dúró de ìkéde: ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2015 ló pe Muhammadu Buhari lórí fóònù, nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ò tíì parí ìkéde. Nílé wa níbí, ẹ wo ipò aṣòfin àgbà fún ìwọ̀-oòrùn Kogí: Smart Adeyemi wà níbẹ̀ láti 2007 dé 2015, Dino Melaye gbà á ní 2015, Adeyemi tún gbà á padà lọ́dún 2019. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú ni àwọn méjèèjì ti wá, ìlú wọn ló yàtọ̀. Bí àga kan bá ń yí láàárín ìlú méjì tí kò jìnnà síra, ẹni tó bú ẹnìkejì lónìí ò mọ ọjọ́ tí òun náà máa fẹ́ kí wọ́n kí òun.

Wàyí o, ọjọ́ méjì tí ẹ̀gbọ́n yín ní. Ẹni tó borí ò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Fóònù ni kó fi kí i kó tó kúrò ní Àbújá, lẹ́yìn tó bá ti sọ fún àwọn olórí wọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ẹnu àwọn tó ń jó ní títì gbọ́ pé ọ̀gá wọn ti kí alátakò, wọ́n á ní ó ti tà wọ́n. Fóònù náà ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kó sì fi "Òkun", ìkíni ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀: "Òkun o. Mo ti gbọ́ èsì, mo sì gbà á. Ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á bá tèmi sọ̀rọ̀." Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́: "àmọ́" tó bá tẹ̀ lé "mo gbà á", àti títọrọ ipò tàbí kọ́ńtíráàtì lójú ẹsẹ̀. Kí ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kó má rán ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ tí a rán máa ń dé pẹ̀lú àfikún.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: àwa Òkun, Yorùbá tó wà ní Kogí, ní ànfààní kan níbí. Ọ̀rọ̀ tá a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà la fi ń kí ẹni tí nǹkan ṣe, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa. Ẹni tó bá dé ilé ẹni tó borí tó ní "Òkun", tó dé ilé ẹni tó fìdí rẹmi tó tún ní "Òkun", kò purọ́ níbì kankan.

Ìbẹ̀wò ojú kojú, ọjọ́ orí ló ń darí rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ju ẹni tó borí lọ, fóònù tirẹ̀ ti tó. Àbúrò ló yẹ kó wá sílé rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀. Bí òun bá ni àbúrò, kí ó mú àgbà kan dání kó lọ, kí àgbà náà sì ṣáájú nínú ọ̀rọ̀. Kó má lọ lálẹ́. Ìbẹ̀wò alẹ́ ló ń bí àhesọ pé owó ti pààrọ̀ ọwọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn aṣojú ibùdó ìdìbò ni kó kọ́kọ́ rí. Bí ó bá ní òun á máa wọlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Kí ó pè wọ́n sójú kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kó dúpẹ́, kó san ohun tó kù. Gbèsè ibẹ̀ gan-an ni òkúta tó ń gbé àgbà ṣubú lẹ́ẹ̀kejì: owó àga àti kánópì, owó ọkọ̀, owó tí wọ́n ṣèlérí fún aṣojú tí kò dé ọwọ́ rẹ̀. Bí owó ò bá sí, kó dá ọjọ́ tó dájú fún wọn lójú gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó tí wọ́n sì sá fún, kò ní gbàgbé fún ọdún mẹ́rin.

Ọ̀sán Sátidé ní ilẹ̀ wa, òkú ń bẹ níbì kan. Kí ó lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó borí náà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lábẹ́ kánópì níṣojú gbogbo ènìyàn. Èyí tó ìwàásù mẹ́wàá fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Kó má pẹ́ níbẹ̀, kó má sì sọ̀rọ̀ òṣèlú níbi òkú olókùú.

Alẹ́ Sátidé ni ti wíwo ẹ̀yìn gan-an. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kì í bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún un, àti àwọn EC8A yẹn, ibùdó kan lẹ́yìn òmíràn. Níbo ni ìbò ti kéré ju iye àwọn tó ní àwọn wà lẹ́yìn wa? Níbo ni aṣojú ò ti dé lásìkò? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní abúlé ìyá rẹ̀? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìtàn mìíràn ni kálukú á máa sọ.

Ohun tó máa jẹ ọjọ́ méjì náà run bí kò bá ṣọ́ra ni pálọ̀. Àwọn tó wá bá a kẹ́dùn á jókòó láti àárọ̀ dálẹ́, èyí ń ní "wọ́n jí i ni", tọ̀hún ń ní "èmi sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀". Ìkíni ni wọ́n wá ṣe, àmọ́ wọ́n ń sọ ọ́ di ọmọdé tó ń wo iwájú fún ẹni tó máa gbé e. Kí ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀ gbà wọ́n lálejò, kí òun bọ́ sóde. WhatsApp náà, kó kọ gbólóhùn méjì síbẹ̀, kó pa á dé títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Sunday, ìsìn, lẹ́yìn náà àwọn àgbà ìlú. Kí ó gbéra ní agogo méjì ọ̀sán, torí ọ̀nà Kàbà sí Ọ̀bájánà kún fún tírélà sìmẹ́ǹtì, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ṣú bá a kó tó dé Lọ́kọ́jà. Àwọn tí kò bá rí, fóònù wà fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin tó dáná fún àwọn aṣojú lọ́jọ́ ìdìbò ni kó kọ́kọ́ pè, torí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan, wọ́n sì lè wà lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó ìrẹsì.