Ilẹ̀ oko mi ti ṣá: ṣé kí n jáwọ́ nínú ajílẹ̀ òyìnbó?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, ni mò ń dá. Ọdọọdún ni mò ń fi kún ajílẹ̀ òyìnbó, mo sì ń fín kẹ́míkà sí koríko, síbẹ̀ àgbàdo ń kéré sí i. Wọ́n ní kí n pa ajílẹ̀ tì pátápátá. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Ẹ má tíì pa á tì. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí ẹ bá gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ebi ni yóò kó wọlé lọ́dún náà. Èmi náà ní ìbéèrè kan: kí lẹ ń fi pòròpórò ṣe lẹ́yìn ìkórè?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dáná sun ún, mo sì mọ ohun tó ń tàn wá. Bí òjò bá rọ̀ sórí eérú, àgbàdo á dú minimini. Àmọ́ náítírójìn inú pòròpórò yẹn, ìyẹn oúnjẹ tí irúgbìn fi ń dàgbà, ti bá èéfín lọ, àgbàrá á sì gbá eérú tó kù lọ sódò. Ilẹ̀ wa níbí ní yanrìn púpọ̀. Ewé àti koríko tó ń jẹrà nínú rẹ̀ ló ń bá a di omi àti ajílẹ̀ mú. Níbi tí kò bá ti sí wọn, ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà á kàn bá omi wọlẹ̀ lọ ni. Ẹ fi ọkọ́ wú ilẹ̀ yẹn wò lẹ́yìn òjò. Bí ẹ ò bá rí ekòló kankan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tẹ́ pòròpórò sílẹ̀ kó bo ilẹ̀. Ẹ ro ààlà oko yíká kí ọyẹ́ tó dé, nítorí iná ọdẹ. Màlúù á jẹ nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ wọn á kù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí òtílí mọ́ àgbàdo. Bí ẹ bá fa ẹ̀wà kan tu, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí wà nínú wọn, tí ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà ìkórè, ẹ gé e, ẹ má fà á tu. Àwọn ọmọ yín náà á jèrè: ẹ̀kọ nìkan kò tó ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ láti oko kan náà, ara á gbà á.

Ìgbẹ́ adìẹ dára, ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, á jó irúgbìn, àrùn inú rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́. Ẹ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, kí ẹ máa yí i fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi éékà kan dán gbogbo èyí wò, kí ẹ wọn àgbàdo rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àgbàdo bá ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ẹ máa dín ajílẹ̀ òyìnbó kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà ló ń dùn mí jù. Bí paraquat bá wà nínú èyí tí ẹ ń fín, ẹ jáwọ́ lónìí. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ̀kún ẹnu kan lè pànìyàn, kò sì sí oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Mo ti rí kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà tí wọ́n fi ń gbé omi mímu lọ sóko, tí wọ́n fi ń ta epo pupa. Bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, kì í ṣe ohun tí a ń fi oúnjẹ sí. Ẹ fi ìṣó dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́.