Ṣé kí n dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fo ògiri nínú géèmù mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe géèmù àdììtú kan fún fóònù. Ní yàrá kan, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lèèyàn máa wá kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àwọn kan wá ń to àpótí léra wọn, wọ́n ń gùn ún fo ògiri. Ṣé kí n dí ọ̀nà yẹn, kí n sì gba máàkì tí wọ́n fi màgòmágó jẹ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sì máa ń lò: màgòmágó. Ta ló kó àpótí sínú yàrá? Ta ló kọ ọ́ sínú kóòdù pé àpótí ṣeé gbé, pé ó ṣeé tò, pé èèyàn lè dúró lórí rẹ̀? Ìwọ ni. Òfin tí o fún wọn ni wọ́n lò. Ẹni tó wọ inú kóòdù lọ fún ara rẹ̀ ní máàkì ló ṣe màgòmágó. Ẹni tó ronú kọjá ibi tí o ronú dé kò jí nǹkan kan.

Ta ló sọ fún yín pé ọ̀nà tí ẹni tó ṣe géèmù ní lọ́kàn nìkan ló tọ́? Nígbà tí Capcom ń ṣe Street Fighter II, tó jáde ní 1991, Noritaka Funamizu tó wà lára àwọn tó ṣe é ṣàkíyèsí pé èèyàn lè fi ẹ̀ṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn kí ọ̀tá tó ráyè dí i. Wọn ò gbèrò rẹ̀, àmọ́ wọ́n fi í sílẹ̀. Òun la wá ń pè ní combo, tí géèmù ìjà dúró lé lórí títí dòní. Nínú Breath of the Wild ti Nintendo, ní 2017, àwọn àdììtú kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n pèsè sínú yàrá ló yẹ kéèyàn fi so iná mànàmáná pọ̀. Àwọn èèyàn to idà àti asà irin tiwọn sílẹ̀, iná gba orí rẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn ṣí. Nintendo ò dí i. Irin ń gbé iná nínú géèmù yẹn, níbi gbogbo.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti EverQuest, géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dírágónì kan wà níbẹ̀, Kerafyrm, tí wọ́n ṣe kí apá ẹnikẹ́ni má baà ká. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, àwọn èèyàn tó lé ní 150 pawọ́ pọ̀ kọlù ú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Bó ṣe ń pa wọ́n ni àwọn àlùfáà àárín wọn ń jí wọn dìde. Ẹ̀mí rẹ̀ ti kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tí Sony Online Entertainment, tó ni géèmù náà, yọ ọ́ kúrò níwájú wọn. Ariwo sọ. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n dá a padà, àwọn èèyàn yẹn sì pa á. Irú ìyà yẹn ni gbígba máàkì jẹ́. Má dán an wò.

Ó nígbà tó yẹ kéèyàn dí ọ̀nà, pàápàá bí ọgbọ́n ẹnì kan bá ń ba ti ẹlòmíì jẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó lé wọn débẹ̀. Nínú Destiny, ní 2014, àwọn èèyàn ń dúró síwájú ihò kan, wọ́n ń yìnbọn sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí nítorí ẹrù tí àwọn ọ̀tá tó ń jáde níbẹ̀ ń jù sílẹ̀. Bungie, tó ṣe géèmù náà, dí ihò yẹn, àwọn èèyàn wá òmíràn. Géèmù yẹn ló háwọ́ jù. Nígbà tó yá ni Bungie tún bí ẹrù ṣe ń jáde ṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni àìsàn wà.

Mi ò tíì rí kóòdù rẹ o, ohun tí o kọ ni mo ń dáhùn. Bí oníkálukú bá ń dá a gbá, fi àpótí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi àkókò díje, pín pátákó máàkì sí méjì: ti àwọn tó wá kọ́kọ́rọ́, ti àwọn tó fo ògiri. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń fo ògiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wíwá kọ́kọ́rọ́ ló sú wọn, ibẹ̀ ni kí o tún ṣe. Tí o bá sì dí ọ̀nà náà dandan, kéde rẹ̀ ṣáájú, má fọwọ́ kan máàkì tó ti wọlé. Bí ẹ̀bùn owó bá wà ńbẹ̀, má gbára lé ọ̀rọ̀ tèmi: ka òfin ìdíje tí o kọ tẹ́lẹ̀, kí agbẹjọ́rò sì bá ọ wò ó kí o tó yí ohunkóhun padà.