Ẹnu rẹ̀ ti dé àrún, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí èkejì

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ ní ọmọ yín ọdún 3 ń ka ení dé ẹ̀wá láìṣì í, àmọ́ bí ẹ bá ń kàwé fún un lálẹ́, kò lè sọ iye ẹja tó wà nínú àwòrán. Ẹ fọkàn balẹ̀, ojú èmi náà ti rí i.

Àkọ́bí mi ń kà dé ogún kó tó pé ọdún 3. Bí àlejò bá wọlé, màá ní kó kà á, orí mi á wú. Ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ, mo ní kó mú ẹ̀pà mẹ́ta wá fún mi. Ẹ̀kúnwọ́ ló bù wá. Mo dá a padà, ó tún lọ bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn. Àṣé orin lásán lọmọ ń kọ!

Ni mo bá sọ ìwé alẹ́ di kíláàsì. Gbogbo ojú ìwé, "Mélòó ni? Tún un kà!" Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, bí mo bá ti mú ìwé báyìí, ó ti fi ìrọ̀rí bojú, oorun ń kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ìka rẹ̀ ló là mí lójú. Àwòrán adìẹ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí òròmọdìẹ kejì, ẹnu rẹ̀ ti dé àrún. Kó tó kà á tán, òròmọdìẹ mẹ́rin ti di mẹ́jọ. Mo wá di ìka náà mú. Bí kò bá tíì kan èyí tó kàn, a ò ní pe iye tó kàn. Mo fi nǹkan bo ìyókù, ó ku mẹ́ta: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo fọwọ́ yí gbogbo wọn po, mo ní, "Òròmọdìẹ mẹ́ta." Èdè wa gbè mí níbẹ̀: ẹ̀ta la fi ń kà, mẹ́ta la fi ń sọ iye tó wà nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà lẹ́nu mi ló fi mọ̀ pé kíkà ti parí. (Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ilé ìwé. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ Yorùbá là ń sọ lórí bẹ́ẹ̀dì.)

Ojú ìwé kan péré là ń kà bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ìtàn ni ìyókù. A pẹ́ gan-an lórí méjì: ojú méjì, etí méjì, bàtà méjì. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ tíṣà ló sọ fún mi pé ọmọ máa ń mọ ọ̀kan, kó tó mọ méjì, kó tó mọ mẹ́ta, oṣù mélòó kan sì lè wà láàárín wọn. Pé ọ̀pọ̀ ń sún mọ́ ọdún 4 kó tó yé wọn délẹ̀. Ká ní mo tètè gbọ́ ni, ariwo tí mo pa ì bá mọ níwọ̀n. Ẹ má sì tíì sáré dé ẹẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rin la yọ nínú ogún níbẹ̀. Kí lọmọ ọdún 3 fẹ́ yọ?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń kàwé. A tún dé ọ̀dọ̀ adìẹ, mo ní, "Òròmọdìẹ mẹ́rin." Ó ní, "Rárá, màmá, márùn-ún." Ó fìka kan ẹ̀yìn ìyá adìẹ. Lóòótọ́, ìrù kékeré kan yọ síta níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ìwé yẹn, mẹ́rin lèmi ń kà.